Igbákejì Prof Marangon

Eré kù díẹ̀ kó parí ní Treviso, àwọn onílé sì fi póìntì kan ṣáájú, nígbà tí Prof Marangon bèèrè fún ìsinmi, tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, láti Padova ni wọ́n ti wá. Prof gbé pátákó kékeré tí wọ́n fi ń ya ètò eré lé orúnkún, wọ́n fa ìlà méjì sórí rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní:

"Elena, ọ̀dọ̀ rẹ ni bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀. Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣáà jù ú sápẹ̀rẹ̀."

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Elena láàárín wọn.

Sùlèímọ̀n, igbákejì kóòṣì, wà lẹ́yìn Prof níbi tó máa ń wà. Kò dúró ronú. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan Dára tó jẹ́ balógun tíìmù náà léjìká.

"Dára, ìwọ ni wọ́n ń bá wí o. Elena ni Prof máa ń pe ẹni tó bá fẹ́ gbà wá sílẹ̀ tọ́rọ̀ bá ti dójú ẹ̀. Àbí o ò tíì gbọ́ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ náà bá a rẹ́rìn-ín, Prof fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n padà sínú pápá, bọ́ọ̀lù dọ́wọ́ Dára, Dára jù ú sókè, ó wọlé, fèrè sì dún. Padova ló borí.

Orin ni àwọn ọmọ náà ń kọ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà sílé. Sùlèímọ̀n ò lè bá wọn kọ ọ́. Ó mọ Elena. Ìgbà kan náà ni òun àti Elena ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Padova, Elena ló sì ń ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fún Prof láyé ọjọ́un. Elena ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe ní Vicenza. Àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì yìí ṣì ń rá kòrò nílẹ̀ nígbà tí Elena fi básíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Prof jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n ń wo títì. Ẹ̀yìn orí wọn nìkan ni Sùlèímọ̀n ń rí, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ìwó ni wọ́n ti bí Sùlèímọ̀n. Bàbá rẹ̀, Alhaji Hàmídù, ló kọ́kọ́ wá sí Italy. Wọ́n ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ páìpù irin lẹ́bàá Bergamo, nígbà tí ìwé ìgbélùú wọn sì ti fìdí múlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ. Sùlèímọ̀n ò tíì parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àmọ́ ó ti ga ju tíṣà rẹ̀ lọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ omi lédè wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Pápá básíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wọn, inú oratorio ló wà, ìyẹn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn fádà máa ń ṣí sílẹ̀ kí ọmọdé lè wá ṣeré. Ẹ̀rù ba Àwáù ìyá rẹ̀ gidigidi. Ó ní wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù gba ọmọ lọ́wọ́ òun.  Alhaji ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, wọn ò bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọ́n forí lé oratorio, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wo àwọn ọmọ tó ń sáré. Nígbà tí fádà jáde wá kí wọn, Alhaji bi í pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Italian tí wọ́n gbọ́, "Ṣé ẹ máa ní kó kúnlẹ̀?" Fádà ní rárá o, kó ṣáà má gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé ni. Alhaji padà sílé, wọ́n ní ọmọ lè máa lọ, ṣùgbọ́n kó máa délé kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó wọ yunifásítì ní Padova, ẹnjiníà ni Alhaji fẹ́ kó kà. Ẹ̀kọ́ nípa ara àti eré ìdárayá ló lọ kà. Tíìmù àwọn ọkùnrin mú un, ó sì ń gbá a débi pé àwọn kan ti ń wá wò ó láti ìlú míì. Lọ́jọ́ kan ó fò sókè gba bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, iṣan orúnkún rẹ̀ sì já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n tún un ṣe, kò gbà. Ó lè rìn, ó lè sáré díẹ̀. Fífò ni kò sí mọ́.

Ibi tó dùbúlẹ̀ sí lọ́sibítù ni Luisa Marangon ti wá bá a. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ohùn wọn máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ́ irin. Wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Prof, àwọn ló sì ń tọ́ tíìmù àwọn obìnrin yunifásítì. Sùlèímọ̀n ò bá wọn sọ̀rọ̀ rí. Prof fa àga, wọ́n jókòó, wọn ò kí i pẹ̀lẹ́.

"Mo ti máa ń wò ọ́ nígbà tó o bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì," wọ́n ní. "O máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Orúnkún rẹ ti lọ, ojú rẹ ò lọ. Tó o bá ti lè rìn, máa bọ̀ wá jókòó tì mí."

Ó lọ jókòó tì wọ́n. Vice ni wọ́n ń pe ipò náà, igbákejì. Òun ló ń kọ́kọ́ dé palestra, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré, tó ń tan iná, tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù. Òun ló ń dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún ẹni tó bá fẹ́ ju ọgọ́rùn-ún sí i. Òun ló ń wo fídíò tíìmù tó ń bọ̀ títí ojú á fi máa ta á. Ó mọ ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó mọ èyí tí òun àti ìyá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó mọ èyí tó ń pa orí fífọ́ mọ́ra torí kí wọ́n má bàa yọ ọ́. Ohun tí Prof bá fi ìbínú sọ nínú pápá, Sùlèímọ̀n ló ń lọ fi pẹ̀lẹ́ túmọ̀ nínú yàrá tí àwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fa wàhálà láàárín òun àti Prof. Gbogbo èèyàn nínú eré ìdárayá ní Italy, àtọmọdé àtàgbà, "tu" ni wọ́n ń pe ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ojúgbà rẹ̀ ní ìwọ. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ń pe Prof bẹ́ẹ̀. Sùlèímọ̀n ò lè ṣe é. "Lei" ló ń pè wọ́n, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe àgbà ní ẹ̀yin.

"Ṣé ọlọ́pàá ni mí ni?" ni Prof máa ń wí.

"Prof, nílé wa, tí mo bá pe ẹni tó jù mí lọ tó báyìí ní ìwọ, màmá mi á gbá mi létí láti Bergamo."

Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn rí. Ó ṣe igbákejì ní Bologna, ó tún ṣe é ní Torino, lábẹ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé "Ìwọ yẹn" ló ń pè é títí sáà fi parí. Torino ló ti fẹ́ Fathiyyah, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Italy níbẹ̀, ní Sampierdarena, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Nadirah ọmọ wọn. Nígbà tó yá, Prof pè é lórí fóònù, wọ́n ní kó padà wá, ara àwọn ò gbà bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Kò bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ san. Ó kó ẹrù.

Inú Alhaji ò dùn sí i. "Igbákejì ní Padova, igbákejì ní Bologna, igbákejì ní Torino, o tún fẹ́ lọ ṣe igbákejì ní Padova. Sùlèímọ̀n, ìgbà wo ni wọ́n máa sọ ẹ́ di ọ̀gá?"

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá."

"Ó ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí irun wà lórí mi."

Lẹ́yìn Treviso, Sùlèímọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Prof. Wọ́n á kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan, nígbà tí wọ́n bá mu omi tán, wọ́n á tún fi ohùn kan náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé mọ́tò lọ sí palestra àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ilé ìtajà tipẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá sọ nù lẹ́nu wọn, ìbínú ni wọ́n á fi dí àyè rẹ̀. Sùlèímọ̀n kọ́ bí wọ́n ṣe ń bò ó. Á pè wọ́n láàárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, kí wọ́n lè rántí pé ẹ̀kọ́ wà lọ́jọ́ náà. Ó sún mọ́ wọn sí i lórí bẹ́ǹṣì, á máa rọra dárúkọ ọmọ tó bá ń bọ̀ sí wọn létí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé inú tirẹ̀ gan-an ń dùn sí i nígbà míì, bí inú èèyàn ṣe máa ń dùn sí iṣẹ́ tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dára ló kọ́kọ́ là á mọ́ ọn lójú. Ọmọ Yorùbá ni, Padova níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Sùlèímọ̀n a máa fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òun a sì máa fi Italian dáhùn. Ó dúró tì í níbi tó ti ń kó bọ́ọ̀lù jọ, ó ní, "Prof non sta bene, vero?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ara wọn ò yá?" ni Sùlèímọ̀n wí. "Ó rẹ̀ wọ́n ni. Má gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn sáfẹ́fẹ́."

Dára ò lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá ìyá òun, àwọn ará ilé ń bò ó, wọ́n ń bò ó, títí màmá fi jáde lọ lọ́jọ́ kan tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Sùlèímọ̀n kó bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé.

Ọjọ́ tí Trieste wá bá wọn gbá a ní Padova ni nǹkan bàjẹ́. Victory, ọmọbìnrin kan tó ga jù lọ nínú tíìmù náà, fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́. Dókítà dè é, ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ pápá mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìṣojú Prof ló ti sọ ọ́. Nígbà tí eré kù díẹ̀, Prof yíjú sí bẹ́ǹṣì, wọ́n na ọwọ́.

"Victory, wọlé."

Victory wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Prof. Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fúnni ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Sùlèímọ̀n dìde ṣáájú rẹ̀, ó sì dúró sáàárín àwọn méjèèjì. "Rárá, Prof."

Kò sọ ọ́ sí wọn létí, kò fi rẹ́rìn-ín. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbọ́ ọ, àwọn tó jókòó lẹ́yìn wọn náà gbọ́ ọ.

"Ta ni kóòṣì níbí?" ni Prof bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, Prof." Kò sì kúrò níbi tó dúró sí. "Victory, padà jókòó."

Wọ́n na Padova lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èrò ń jáde, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Signor Bettin, fa Sùlèímọ̀n sí kọ̀rọ̀, wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe Luisa, kó má parọ́. Sùlèímọ̀n ò lè sọ pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra òun.

Ìdí oúnjẹ ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Fathiyyah. Ó ní òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó gbé e dìde, kó sọ fún un pé orí rẹ̀ ń lọ.

"Bàbá Nadirah," ni Fathiyyah wí, "tó bá jẹ́ Alhaji ni nǹkan yìí mú, tí wọ́n ṣì wà nídìí irin gbígbóná yẹn ní Bergamo, ṣé ẹ máa máa bò ó fún wọn?"

 Sùlèímọ̀n tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday ó lọ sílé Prof, lẹ́bàá odò Bacchiglione. Prof fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọn ò jẹ́ kó sọ ju gbólóhùn kan lọ.

"O rò pé mi ò mọ̀? Ọ̀rọ̀ Elena yẹn, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo délé, mo gbé fọ́tò tíìmù wò, mo rí ọmọ mẹ́ta tí mi ò lè dárúkọ. Mo ní kò burú, Sùlèímọ̀n wà níbẹ̀, ó rí mi, ó máa wá sọ fún mi. Mo wá ń dúró dè ọ́. O ò wá."

"Prof, mo bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Ọ̀wọ̀ yẹn ló kù díẹ̀ kó rán Victory jáde lórí ẹsẹ̀ tó wú." Wọ́n di etí ilẹ̀kùn mú. "Gbogbo ìgbà tó o fi ń sọ orúkọ sí mi létí, mo ń rò pé èmi ni mo rántí. O ò jẹ́ kí n mọ ibi tí nǹkan dé. Ìwọ tí ojú rẹ ríran tó báyẹn! Máa lọ. Jọ̀ọ́, máa lọ sílé rẹ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó kọjú sódò, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ Prof tó lè sọ pé wọn ò jàre.

Prof lọ bá Signor Bettin fúnra wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹgbẹ́ náà ní kí Sùlèímọ̀n wá jókòó sípò kóòṣì. Ó pe Alhaji. Ó rò pé wọ́n máa kígbe Alhamdulillahi ni. 

"Obìnrin yẹn ńkọ́?" ni wọ́n wá bèèrè.

Sùlèímọ̀n ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ṣé ìwọ lo lé wọn kúrò níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni."

"Lọ kí wọn kó o tó jókòó. Tí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, tún padà lọ. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè gbà ọ́ láàyè o, wọ́n ti fi í sílẹ̀ ná. Kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló dà yín pọ̀ ni."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n Prof obìnrin, tó ti kó wá bá wọn gbé, ní wọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ó tún lọ, wọ́n ní wọ́n ń sùn. Nígbà tó lọ ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mú Nadirah dání, ọmọ náà sì sáré wọlé kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Prof wà nídìí fèrèsé. Wọ́n wo Sùlèímọ̀n pẹ́.

"O ti mú igbákejì?"

"N kò tíì mú."

"Mú ẹni tó máa sọ fún ọ pé rárá. Kó sì tètè sọ ọ́."

Àforíjì ò wọ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sunday yẹn mọ́ láéláé. Ẹ̀gbọ́n wọn gbé kọfí wá.

Sáà yẹn ò parí síbi tí èèyàn lè fi yangàn. Padova wọ ìpele àwọn tíìmù díẹ̀ tó kù láti du ife, Bologna sì lù wọ́n jáde. Sùlèímọ̀n bẹ Dára pé kó wá ṣe igbákejì òun nígbà tó bá gboyè tán. Dára dúpẹ́, ó ní òun ti ríṣẹ́ sí Milano. Ẹni tó wá mú ni Olúrónkẹ́, obìnrin kan tó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Torino nígbà tí Sùlèímọ̀n wà níbẹ̀, tí kò sí kóòṣì tí kò bá jiyàn rí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ó sọ fún Sùlèímọ̀n níṣojú àwọn ọmọ pé ètò tó yà sórí pátákó yẹn ò lè ṣiṣẹ́. Inú bí i. Ó wò ó dáadáa, ó pa á rẹ́.

Ọjọ́ Sunday ló máa ń lọ sọ́dọ̀ Prof. Wọ́n á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo eré. Láwọn ọjọ́ kan, Prof á nawọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ọmọ yẹn fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọmọ náà á sì yà sọ́tùn-ún. Láwọn ọjọ́ míì wọn kì í sọ ohunkóhun, wọ́n á ṣáà máa fọwọ́ pa irun Nadirah. Sùlèímọ̀n ò mọ èyí tó yẹ kóun máa gbàdúrà fún nínú méjèèjì, ó wá ń gbàdúrà fún ìlera nìkan.

Alhaji ti ń sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí ní Bergamo pé ọmọ àwọn ti di ọ̀gá. Òótọ́ ni. Ohun tí Sùlèímọ̀n ò sọ fún wọn ni bí ipò náà ṣe dá wà tó. Ìkankan nínú àwọn ọmọ náà kì í wá bá a sọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún wọn. Kò mọ ẹni tó fìdí rẹmi, kò mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jà. Lọ́jọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú. Ẹnìkan ń sọ ìtàn, ohùn Olúrónkẹ́ sì wà láàárín ohùn tiwọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín náà máa dáwọ́ dúró. Ó fẹ̀yìn ti ògiri títí wọ́n fi sọ ìtàn náà tán, kó tó kan ilẹ̀kùn.